Òróró Míńtì Àbúrò Mi

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ àbúrò mi obìnrin bí a ti ń gba òróró lára míńtì ìgbẹ́, ewé olóòórùn nì. Ìfura ni àdúgbò ń pè é. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ gbójú sókè wòye bóyá ilẹ̀ ti mọ́ lóòótọ́.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Yóò to ewé sínú ìkòkò bàbà, omi yóò hó nísàlẹ̀, ooru yóò gba inú ọ̀pá tí omi tútù yí ká, òróró yóò sì máa kán sínú ìgò. Ìyàwó àbúrò wa ọkùnrin ló ń já ewé wá láti etí odò. Ilé àyẹ̀wò kan ló ń ra òróró náà. Wọ́n á ti bébà kékeré bọ òróró, wọ́n á gbé e sórí kòkòrò àrùn tí wọ́n ń sìn nínú àwo. Ibi tí òróró bá ti pa wọ́n á mọ́ roro yí bébà ká.

Lọ́dún yìí, ibi tó mọ́ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin onígíláàsì ojú, wá fúnra rẹ̀.

"Ìyá, ṣé òróró ẹ̀pà lẹ lú mọ́ ọn? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwa ò ní rà á mọ́ láéláé."

"Èmi! Ẹ bi ìyàwó ilé wa! Koríko ló ń kó wá!"

"Koríko kẹ̀? Àǹtí, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run!" ni ìyàwó fọhùn lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Òróró tí mo ti yẹ̀ wò láyé mi á kún òkun. Mo kán ẹyọ kan sórí bébà funfun. Òróró ẹ̀pà ì bá fi àbàwọ́n sílẹ̀. Èyí gbẹ, bébà mọ́ bí ẹni pé nǹkan ò kàn án.

"Kò lú nǹkan kan mọ́ ọn," ni mo wí.

Onígíláàsì gbọn ìdì ewé kan. Òdòdó já bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ jẹ́ kó yọ òdòdó kí ẹ tó já a?"

"Àǹtí ni," ni ìyàwó dáhùn. "Wọ́n ní lọ́dún yìí, àwọn ò gbà pé míńtì ni, àfi bí àwọn bá fojú rí òdòdó ẹ̀."

"Háà! Ohun tó wà nínú òdòdó yàtọ̀ sí ti ewé, kì í pa kòkòrò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ já òmíràn kó tó yọ òdòdó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa tún dán an wò."

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn tó bá pọ̀ jù, àìsàn ló ń dà. Àbúrò mi wo ìyàwó tìtì.

"Lọ já a wá. Láìsí òdòdó."

"Ẹ ò ní tẹ̀lé mi?"

"Mi ò ní tẹ̀lé ọ."

Ó jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yí àga rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà odò.

Lọ́jọ́ kẹjọ, onígíláàsì gbé àwo dé. Ibi tó mọ́ roro fẹ̀ tó fìlà mi, ó sì ní kí a máa kó òróró wá lóṣooṣù. Ìyàwó hó yèè.

Àbúrò mi tẹjú mọ́ àwo. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ṣé òróró tèmi gan-an lẹ fi dán an wò?"