Ajá Tí Wọ́n Ní Kí Bridget Má Kí

Bí Bridget aránṣọ bá fẹ́ jáde nílé láàárọ̀, ẹ ó rò pé ìlú òyìnbó ló ń lọ. Á kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbá ajá rẹ̀ mọ́ra. "Tanímọ̀la, ọmọ mi, Ìkàrẹ́ ni mò ń lọ o. Mi ò ní pẹ́. Olúwa á bá mi ṣọ́ ẹ. Má sunkún o, ṣé o gbọ́?" Á dé ẹnu géètì, á tún padà wá, torí ó gbàgbé láti gbé ọwọ́ àdúrà lé e lórí. Ajá á máa wò ó lójú, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kí ọ̀kadà tó gbé Bridget tó já sí títì, igbe ti ta.

Igbe wo nìyẹn! Kì í ṣe gbígbó o, híhu ni. Á hu títí ohùn rẹ̀ á fi há. Á họ ilẹ̀kùn títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ ní èékánná rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fa aṣọ oníbàárà ya, aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìyàwó ní Òkè-Àgbè. Ẹ sì mọ bọ́rọ̀ ajá tó ń hu ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí orí bá ń fọ́ lásán ládùúgbò á ti máa rò ó pé bóyá òun ni ajá náà ń pè. Gbogbo Ọ̀kà, láti ìsàlẹ̀ àpáta títí dé òkè, ló ti mọ orúkọ Tanímọ̀la, kò sì sẹ́ni tó ń fi ìfẹ́ pè é.

Ọlálérè, ọkọ Bridget, ló ra ajá yìí. Àwọn èèyàn ń bi í pé kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi ọmọ ajá ṣe, ó ní, "Ta ní mọ̀la?" Bó ṣe fi ìdáhùn sọ ajá lórúkọ nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òòyì kọ́ Ọlálérè, wọ́n gbé e sínú mọ́tò, ó di ọsibítù ní Ọ̀wọ̀. Ajá sá tẹ̀lé mọ́tò náà dé oríta, ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọlálérè ò padà wálé láàyè.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn wá kí Bridget, wọ́n kí i dáadáa. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ èrò dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wọn, kálukú ló ní ẹrù tó ń rù. Fúnminíyì, ọmọ kan ṣoṣo tí Bridget bí, padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ó wá ku Bridget àti ajá. Pálọ̀ ló ti ń ránṣọ, ajá á sùn sábẹ́ maṣíìnì, bí ẹsẹ̀ Bridget ṣe ń tẹ maṣíìnì ni ìrù ajá náà ń lù. Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n ń gbé wá sílé ń dín kù lójoojúmọ́. Ìgbà tí Fúnminíyì bá a rí ṣọ́ọ̀bù ní Ìkàrẹ́, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Àfi ìgbà tó jáde lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí ayé gbọ́ igbe ajá.

Alhaji Badmus tó ni ilé, tí ń gbé ní òdìkejì títì, wá bá a. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò pariwo.

"Ìyá Fúnmi, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún olóògbé. Ṣùgbọ́n igbe yìí ti pọ̀ létí mi. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ wá ibi gbé ajá yìí lọ."

Ibo ni kó gbé e lọ? Fúnminíyì ń gbé yàrá kan. Ẹni kan ṣoṣo tó ní òun á gbà á ni ọkùnrin kan láti Arigidi. Ọkùnrin yẹn dé, kò wo ojú ajá, kò wo eyín rẹ̀, itan rẹ̀ ló ń fọwọ́ tẹ̀ wò. Bridget kò bèèrè ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ìgbálẹ̀ ló fà yọ, ó fi lé e dé géètì. Èmi náà ì bá lé e.

Ló bá fi okùn fa ajá lọ bá dókítà ẹran ní Ìkàrẹ́. Dókítà fọwọ́ kan imú ajá, ó wo èékánná, ó wá bi Bridget pé báwo ló ṣe ń jáde nílé. Bridget ròyìn gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ, àtàdúrà àtìdìmọ́ra. Ó rò pé wọ́n máa yìn ín ni.

"Màmá, ara ajá yín le koko," ni dókítà wí. "Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹnìkan jáde nílé yẹn rí tí kò padà. Tẹ́ ẹ bá wá ń dágbére tó bẹ́ẹ̀, ó dá a lójú pé tiyín náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ má kí i. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má kí i, títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Ẹ máa jáde fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ padà, kẹ́ ẹ wá máa fi kún un."

"Kí n má kí i? Dókítà, ṣé mo bá a jà ni?"

Nínú mọ́tò tó ń gbé wọn padà sí Ọ̀kà, ó ń kùn lọ ni. Ẹni tí kò kíni láàárọ̀, ọ̀tá ẹni ni. Ìyá tó bí i lọ́mọ ti gbá a létí rí nítorí pé ó gba iwájú àgbà kọjá láìkúnlẹ̀. Kò sì wá sọ èyí tó wà nínú rẹ̀ gan-an fún dókítà: bó bá ti ìta dé, kò tún sí ẹlòmíì tó ń yọ̀ mọ́ ọn ju ajá yìí lọ.

Síbẹ̀, ó gbìyànjú. Ó gbé báàgì, ó jáde, ó jókòó sórí òkúta lẹ́yìn géètì, ó padà wọlé bíi pé kò rí ajá. Ajá fò mọ́ ọn, ó ń gbó, ó ń lá a lọ́wọ́. Bridget kọjú sí ògiri, omi lé lójú rẹ̀. Nígbà tí ajá sinmi ló tó fọwọ́ pa á lórí. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ dé ibi ẹ̀rọ omi. Ajá ké díẹ̀, ó dákẹ́. Ó lọ dé ọ̀dọ̀ aláta. Ajá dákẹ́. Ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ jìnnà sí ọ̀dọ̀ aláta, oṣù sì ń lọ. Ó bẹ Gift, ọmọ ìjọ wọn, pé kó wá jókòó ti ajá. Gift gbé ajá lé itan, ó ń kọrin fún un, ó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, sorry, má wòyẹn." Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ni igbe ń le sí i.

Raliat, ìyá Uthman, tí wọ́n jọ ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, ló wá yanjú rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń yanjú nǹkan. Kò fẹ́ràn ajá. Tanímọ̀la ti fi itọ́ ba híjáàbù rẹ̀ jẹ́ rí nígbà tó ṣàlùwàlá tán, láti ìgbà náà ló ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, òun àti Bridget kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ríra. Lọ́jọ́ kan tí ooru mú, ó gbé àpótí rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí Bridget dé, kẹ́kẹ́ pa. Ajá dùbúlẹ̀ sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀.

"Ìyá Uthman, kí lẹ ṣe fún un?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò fọwọ́ kàn án o! Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ṣé kí n lọ ba àlùwàlá mi jẹ́ ni? Ó hu, ó wò mí, ó rí i pé ẹ̀wà mi ni mò ń ṣà, ó bá sùn."

Bridget kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa jókòó síbẹ̀ bí òun bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Raliat fò sókè. "Ẹ dìde, ẹ̀yin ìyá mi! Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àpótí mi níbí, ajá yín lọ́hùn-ún." Àdéhùn náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí oṣù máa parí, Bridget gbé báàgì, ó jáde, kò wẹ̀yìn. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó rán búbá kan lódìlódì, ó tú u, ó tún un rán. Nígbà tó padà sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀kà, ó dẹ etí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Alhaji Badmus dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀.

"Ìyá Fúnmi, ẹ ṣé o! Ilé ti tòrò. Ẹ mà ti gbé ajá yẹn lọ."

Bridget ò gbé ajá lọ síbì kankan. Ọkùnrin Arigidi yẹn! Ó sáré gba géètì wọlé, bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò dúró mú un.

Raliat wà lórí àpótí, igbá ẹ̀wà lórí itan rẹ̀. Ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, Tanímọ̀la na gbalaja sórí ògbólógbòó ìró Bridget. Ó gbé orí sókè, ó wo ẹni tó wọlé, ó fi ìrù na ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sùn.

Bridget dúró. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ pariwo orúkọ ajá náà. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ohun tó fẹ́ náà nìyí, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó fò mọ́ ọn.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Fúnmi," ni Raliat wí. "Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkàrẹ́ ńkọ́?"

Bridget bú sẹ́kún.

"Háà! Kí ló dé? Ṣé wọ́n ṣe yín ní nǹkan ni?"

Bridget mi orí. Ó fi etí ìró nu ojú. "Wọn ò ṣe mí ní nǹkan. Ó ti pẹ́ tẹ́nìkan ti kí mi káàbọ̀ nílé yìí ni."

Raliat wo Bridget, ó wo ajá, ó wá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àpótí.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Ẹ bá mi ṣà á, ilẹ̀ ń ṣú."