Wọ́n pè mí lẹ́jọ́ torí pé ìyàwó mi rù

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àna mi ránṣẹ́ pe èmi àti ìyàwó mi sí agbo ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà lónìí, pé kí n wá ṣàlàyé ìdí tí ọmọ àwọn fi rù.

Ìyá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àna wa, rọ̀bọ̀tọ̀ lọmọ wa rí nígbà tá a fà á lé yín lọ́wọ́. Ṣé ẹ ò bọ́ ọ yó mọ́ ni?"

"Màmá, ẹ má bínú. Dókítà ló ní sísanra yẹn ti pọ̀jù fún ọkàn ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru. Kò lè gun Òkè Màpó mọ́ láìdúró sinmi. Òun fúnra ẹ̀ ló dín oúnjẹ kù, tó ń rìn láràárọ̀. Ara ẹ̀ ti ń yá."

"Dókítà kẹ̀! Ẹ̀ ń fi ebi pa ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wá ń dárúkọ dókítà!"

Wọ́n gbé iyán ràgàjì kalẹ̀, wọ́n kó ẹran kún ọbẹ̀, wọ́n ní kí ìyàwó mi jẹ ẹ́ lójú àwọn.

Ìyàwó mi wò mí. Mi ò lè bá àwọn àna mi jiyàn nílé wọn. Ó jẹ ẹ́ tán.

Lórí ògiri, lókè orí màmá gan-an, fọ́tò ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló wà níbẹ̀. Òun náà sanra, ó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e lọ lésìí. Wọ́n ní ayé ló pa á.

Wọ́n ní kí n tún mú ìyàwó mi wá ní Sátidé, káwọn lè wò ó bóyá ó ti ń sanra padà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n mú un lọ?