Owó Èémí

Mo rántí ìgbà tí èémí mi ń pa owó wálé. Ní gbogbo ọjọ́ Àlàmísì, màá fi ọ̀pá méjì wọ́ ara mi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ mi ní Òṣogbo, màá mí kanlẹ̀, màá sì fẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó rí bíi fóònù àtijọ́. Bí nọ́ńbà tó jáde lójú ẹ̀rọ náà bá kéré, a jẹ́ pé n kò mu sìgá, nọ́ọ̀sì á sì fún mi lówó. Bó bá pọ̀, ọwọ́ òfo ni màá gbé relé.

Dírẹ́bà ni mí. Láti Old Garage ni mo ti ń kó èrò lọ sí Iléṣà, sìgá kì í sì í kúrò lẹ́nu mi bí mo bá ń lọ, bí mo bá ń bọ̀. Ọjọ́ tí mo ní jàǹbá lójú ọ̀nà yẹn, egungun ojúgun mi dá sí méjì. Wọ́n fi irin tò ó, ṣùgbọ́n oṣù ń gorí oṣù, egungun kọ̀, kò so. Dókítà ní sìgá ni kò jẹ́ kó so, pé bí n kò bá jáwọ́, wọ́n á tún là á, bó bá sì tún kọ̀, gígé ló kù. Dírẹ́bà tí kò ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ló fẹ́ fi tẹ bíréèkì? Ìbẹ̀rù yẹn nìkan ìbá tó ẹni tó gbọ́n. Èmi ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tí wọ́n ń fún lówó fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n lè fi sìgá sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo wà. Aláró ni, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ní àdúgbò wa. Imú ló fi ń mọ̀ bí aró inú ìkòkò bá tó í rẹ aṣọ, á bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, á gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ó dọ̀la." Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbowó, mo sáré sọ fún un pé àwọn ọsibítù ti ra èémí mi. Ẹ̀mí ni ìyá mi gbọ́.

"Aúsù bílláhì! Ta ló ń fowó ra ẹ̀mí ọmọ mi?"

Kò fọwọ́ kan owó náà. Ó fi bébà pọ́n ọn, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n gba owó wọn kí wọ́n dá ẹ̀mí ọmọ òun padà. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ̀yin náà ẹ fẹ́ ẹ wò." Ìyá mi fẹ́ ẹ, òdo ló jáde.

"Ṣé òórùn sìgá ni nǹkan yìí ń gbọ́?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Hùn. Ohun tí imú mi ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kírun Mọ̀gáríbì tán, á pè mí: "Yanu." Èmi àgbà ọkùnrin, màá ya ẹnu bí ọmọ ẹyẹ, màá fẹ́ ẹ, hàà. Á ní, "Ó dáa." Ojú máa ń tì mí nígbà náà.

Bàbá kan wà láti Ipérindó, tí kòtò wúrà ya lu ẹsẹ̀ rẹ̀, tí a jọ ń fẹ́ èémí. Á máa ṣàwàdà pé ọmọ Òṣómàáló lòun, òun ò ní kúrò nídìí ẹ̀rọ láìgbowó òun. Òun ló kọ́ mi pé sìgá tí èèyàn mu lọ́jọ́ Àìkú kò ní sí nínú èémí mọ́ tó bá fi máa di Àlàmísì. Mo gba ẹ̀kọ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyá mi lọ já ewé èlú tó fi ń ṣe aró ní Ìdó-Ọ̀ṣun lọ́jọ́ Àìkú kan, kò ní dé kí Àlàmísì tó pé, ni mo bá mu méjì. Mo rò pé ọgbọ́n ló kún agbárí mi. Ẹ̀rọ ní mo mọ́, mo gbowó, mo ra búrẹ́dì fún ìyá mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí n yanu. Ó ní, "Ó dáa." Àfi bó ṣe dúró, tó ṣí fìlà orí mi, tó gbé e símú. Ó jókòó, ó gbé fìlà náà lé itan.

"Ẹ̀rọ wọn ò mọ fìlà," ló wí. Lẹ́yìn náà, "Ẹsẹ̀ ta lò ń rẹ́ jẹ?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Mo dá owó náà padà. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀rọ ní ẹ ò mu." Mo ní, "Ìyá mi ní mo mu."

Egungun mi so. Oṣù mẹ́ta pé, owó dá. Bàbá Ipérindó ní òun ò rí ìdí tí òun á tún fi máa fẹ́ èémí fún ẹnikẹ́ni, ó padà sídìí sìgá rẹ̀. Èmi ò rí ibi sá sí, nítorí ìyá mi ò dáwọ́ dúró. Mo padà sójú ọ̀nà Iléṣà, ọdún ń yí lu ọdún, "Yanu" ò tán.

Nígbà tó yá, aró bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ lé ìkòkò, tó gbọ́ òórùn, tó tún gbọ́, tó wá gbójú sókè bí ẹni tó sọnù. Ogbó ti gba imú rẹ̀. Kò sọ fún mi, n kò sì bi í. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní, "Yanu." Mo fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ó dáa." Mo lè mu odidi páálí kan kí n tó wọlé, kò ní mọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo tó fi sìgá sílẹ̀.

Òjò tó kọjá la sin ín. Mo da ojú ìkòkò aró rẹ̀ dé lẹ́yìnkùlé. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, pàápàá lẹ́yìn Mọ̀gáríbì. Lánàá, bí mo ṣe ti Old Garage dé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ṣí fìlà, mo yanu, mo fẹ́ ẹ, hàà. Mo dúró díẹ̀ kí n tó dé fìlà mi padà.