Japhet àti Ebè Tí Wọ́n Fi Sé E Mọ́

Bí irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí ọkọ́ mi yí padà kí ó sá mi lẹ́sẹ̀. Ojú mi ló ṣe, ẹ̀jẹ̀ náà sì ta sí mi láṣọ. N kò jókòó sí kíláàsì rí, èmi ni mo kọ́ ara mi níwèé. Síbẹ̀, láti Ọ̀sì dé Ìlọfà, ẹ wá ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ọpọlọ jù mí lọ.

Japhet Adégbìtẹ́ ni mo ń sọ, àgbẹ̀ ní Ọ̀sì, ọkọ Leah. Lóko àáró, níbi tí a ti ń kọ ebè fún ẹnìkan lónìí, fún ẹlòmíràn lọ́la, òun ló máa ń ṣíwájú. Bí ó bá ju ọkọ́ sílẹ̀, ẹyẹ á fò lórí igi ní Obbo-Ilé. Èmi nìkan ni mo lè bá a dọ́gba, ẹ̀yìn ló ń dùn mí nígbà náà.

Ẹ̀sín kan sì wà lóko àáró wa. Bí ẹnìkan bá rẹ̀yìn, àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ á sáré kọjá, wọ́n á fi ebè sé e mọ́ láàárín, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Japhet bẹ̀rù ìyẹn ju ikú lọ. Nítorí rẹ̀ ló ṣe gba hóró oògùn lọ́wọ́ Jonah, awakọ̀ tó ń kó iṣu láti Òkè-Ọ̀pin lọ sí Èkó. Hóró náà ni àwọn awakọ̀ ń lò kí oorun má baà gbé wọn.

Hóró kan, ó kọ ebè ènìyàn mẹ́ta láìjẹun. Nígbà tó yá, hóró kan kò ràn án mọ́, ó di ẹ̀kúnwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Omi ayọ̀ kan wà nínú ọpọlọ, tó ń sun díẹ̀díẹ̀ bí a bá jẹun tán tàbí tí ọmọ bá rẹ́rìn-ín sí wa. Hóró yẹn kò bu kún un. Ṣe ló ń da ìkòkò rẹ̀ dé, kí gbogbo rẹ̀ ya jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí omi bá ń ya lójoojúmọ́, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí hóró kan kò fi tó mọ́. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ẹ̀rù á gba ipò ayọ̀, èèyàn á máa rí ọ̀tá níbi tí kò sí. Mo là á fún dókítà kan ní Ìlọrin bẹ́ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

Japhet kò sùn mọ́. Ó ń wa eyín pọ̀, ó fọ́ ilẹ̀kùn ara rẹ̀ pé àwọn kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Leah bẹ̀ ẹ́ kó jẹun, Japhet ní májèlé ni, ó sì lu ìyàwó rẹ̀ títí eyín iwájú obìnrin náà fi kán.

Lọ́dún tí sójà gbé ìjọba fún alágbádá, a ń ṣe àáró lóko Oyèdìran lọ́nà Ìsọ́lọ̀-Ọ̀pin. Japhet da gbogbo hóró tó kù sẹ́nu, ara kò dáhùn. Ó rẹ̀yìn. Sùnmọ́nù kọjá lósì, Táyé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjá lọ́tùn-ún, wọ́n sé e mọ́.

Táyé ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá ebè, a ti kọ́lé fún ọ."

Japhet wo ebè yí ká. "Sàárè mi lẹ gbẹ́ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dùbúlẹ̀ kí a bò ọ́."

Ọkọ́ Japhet sọ̀kalẹ̀. Ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún Táyé ló bà, ọwọ́ náà ń fì lórí awọ. Ó tún gbé e, ó sá a léjìká, ẹ̀jẹ̀ sì rin ebè. Ọkùnrin méje ló gbọ̀n dànù kí n tó fò mọ́ ọn. Ó gé mi létí jẹ, n kò jù ú sílẹ̀, títí Sùnmọ́nù fi fi ẹ̀rú ọkọ́ là á lórí. A fi okùn dè é. Nínú okùn náà, ó ń sunkún pé kí a má pa òun.

Wọ́n gé ọwọ́ Táyé ní ọsibítù. Japhet lò ju ọdún kan lọ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ. Nígbà tó dé, ìbẹ̀rù ti lọ, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò tíì padà. Leah gúnyán gbé síwájú rẹ̀, Japhet ń wò ó bí ẹni wo amọ̀.

Ó sọ fún mi pé, "Bàbá, mo mọ̀ pé ó dùn. Kò kàn dùn lẹ́nu mi mọ́ ni."

Kò lọ sóko mọ́. Ta ni yóò bá a ṣe àáró? Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí Táyé dé, ọkọ́ ní ọwọ́ òsì.

"Oko rẹ ló kàn lẹ́yìn ti Oyèdìran kí ìjà tó dé," ló wí. "Mo wá san án."

Japhet wo kùkùté ọwọ́ náà pẹ́, ó mú ọkọ́. Wọ́n kọ ebè náà wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹnìkan kò kọjá ẹnìkejì. Nígbà tí Leah gbé iyán dé, Japhet bù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Táyé wà láàyè ní Ìlọfà, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Ẹ lọ bi í. Bí ó bá fi ọwọ́ òsì kí yín, ẹ má bínú sí i.