Ọjọ́ Tí Ọmọ Yí Nínú Mi

Òkè-Ìlá ni mo ti lóyún àkọ́bí mi, ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé. Ìyá agbẹ̀bí ìjọ Àládùúrà wa fọwọ́ wá ikùn mi wò. Orí ọmọ wà lókè, lábẹ́ egungun ìhà mi. Ẹsẹ̀ ló fẹ́ fi wáyé. Ẹ̀rù bà mí.

Ìyá ọkọ mi gbọ́ ní Ìgèdè, wọ́n gbéra. Abẹ́ àti oògùn dúdú ni wọ́n tú sílẹ̀: wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ sí mi ní ìbàdí, ọmọ á yí. Ìjọ wa ò fẹ́ gbẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló máa wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀ kó ní òun ò sín? Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣeun, Màámi.” Lẹ́yìn náà ni mo ránṣẹ́ pe ìyá agbẹ̀bí kí wọ́n wá bá mi kọ̀ ọ́.

“Abẹ́ ò ní kan ọmọ Jésù yìí,” ni ìyá agbẹ̀bí wí, wọ́n sì sọ abẹ́ náà sínú àpò ara wọn.

“Ulé ọmọ tí mo bí lọmọ Jésù náà ń sùn,” ni ìyá ọkọ mi dá wọn lóhùn.

Bí ẹnu ṣe ń jà ni ọwọ́ ń ṣiṣẹ́. Ìyá agbẹ̀bí ní kí n kúnlẹ̀, kí n fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀, kí ìdí mi wà lókè. Wọ́n ń fi àdín lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ́ ikùn mi. Ìyá ọkọ mi ní bí wọn ò bá ti jẹ́ kí àwọn sín in, àwọn á tẹ ẹsẹ̀ mi, ọmọ á yí. Wọ́n di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ni nǹkan ńlá bá yí nínú mi, bí ẹni tó ń sùn tó yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní. Mo figbe ta. Ìyá méjèèjì gbá ikùn mi mú lẹ́ẹ̀kan náà. Orí ti wà nísàlẹ̀! Ayọ̀ náà pọ̀ jù fún mi, mo fẹ́ jó, wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Àdín ló yí i ni o, ẹsẹ̀ títẹ̀ ni o, wọ́n jà á títí wọ́n fi dé ìta.

Nígbà tí oṣù pé, orí lọmọkùnrin mi fi wáyé. Ẹ̀rín ni mò ń rín, ìyá agbẹ̀bí ní kí n panu mọ́ kí n ti ọmọ jáde. Ọmọ ké. Mo bojú wẹ̀yìn kí n bá ìyá ọkọ mi yọ̀, àfi bí mo ṣe rí wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń sunkún.

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ tí mo kọ́kọ́ bí, ẹsẹ̀ ló fi wáyé,” ni wọ́n wí. “Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.”

Mo ní kí ìyá agbẹ̀bí gbé ọmọ fún wọn kí n tó wo ojú rẹ̀. Ìyá agbẹ̀bí fẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ìyá ọkọ mi kọ̀, wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ sí etí ara wọn.

“Ẹ jẹ́ ó ké,” ni wọ́n ní.