Ẹ̀yìn Tí Túndùn Bá Mi Tún Ṣe

Obìnrin méjì péré ló ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wa. Èmi Falilat ni ọ̀kan, Alhaja Humaira ni èkejì. Alhaja ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, wọn ò lè gbé garawa omi mọ́. Nítorí náà, bí obìnrin wa kan bá kú nílùú òyìnbó níbí, láti Bowie títí dé Fort Washington, fóònù tèmi ni yóò dún. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń ṣe é. Ẹ má bi mí pé ṣé ẹ̀rù kì í bà mí. Alààyè ni mò ń bẹ̀rù, òkú kì í purọ́ mọ́ èèyàn.

Ẹ̀yìn ló fẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Họ̀tẹ́ẹ̀lì kan létí omi ní National Harbor ni mo ti ń ṣiṣẹ́, yàrá mẹ́rìndínlógún ni mò ń tún ṣe lóòjọ́. Ẹni tó bá ti gbé mátíràsì họ̀tẹ́ẹ̀lì sókè rí kó lè ki aṣọ bọ abẹ́ rẹ̀ ló mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tó di àsìkò òtútù èṣí, bí mo bá tẹ̀, mi ò lè nà láìdi ògiri mú. Orí àga ni mo ti ń kírun, èmi tí mi ò tíì pé ọgọ́ta ọdún! Òkú kan tí mo wẹ̀ ní oṣù Kejìlá, díẹ̀ ló kù kó bọ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo fẹ́ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún Lèmọ́mù pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi Túndùn gbọ́, kí Ọlọ́run forí jìn ín. Ó wa mọ́tò láti Glenn Dale wá bá mi nílé ní Lanham. Ọmọ Ìbàdàn ni Túndùn, ó kúrú, ó dúdú, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ rín kó tó sọ̀rọ̀. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nínú ilé wọn, òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Kamilah. Ọdún méjìlélógún la fi jọ ṣọ̀rẹ́, mi ò rí i kó bínú rí. Èmi ni mo máa ń bínú fún àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò tilẹ̀ jókòó.

"Falí, wọ́n ní o fẹ́ fi iṣẹ́ òkú sílẹ̀?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ yá mi ní ẹ̀yìn tìrẹ ni?"

"O ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ta ni yóò wá wẹ̀ wá? Ṣé ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni yóò máa wo ìhòòhò mi?"

"Ó tó! Kí ló dé tí o ń pe ikú mọ́ra ẹ láàárọ̀ kùtù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wọ ṣòkòtò tó fẹ̀ dáadáa, ká máa lọ síbì kan.

Yógà ló mú mi lọ. Gbọ̀ngàn àdúgbò ni wọ́n ti ń ṣe é láràárọ̀ Sátidé. Mo yarí kanlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní èmi ò bá wọn bọ òrìṣà ará Índíà o. Túndùn ní ta ló ní kí n bọ nǹkan kan, kí n ṣáà na ara mi, kí n má fi ariwo dí àwọn èèyàn lọ́nà. Jessica lorúkọ olùkọ́ náà, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ará ibí kan tó ga bí ọ̀pẹ. Àwọn ìyá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ń ká bí aṣọ, èmi dúró gbagidi láàárín wọn. Mo fi ipá tẹ̀, mo ké yéè. Jessica ní ara kì í gbọ́ ìbínú, àfi ká bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ọ́ sínú pé ara tiẹ̀ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n mí. Jessica ló gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, tó ní, "Ìyá, ẹ ń há èémí mọ́ àyà." Òótọ́ ni. Bí mo bá ti fẹ́ gbé mátíràsì, màá há a mọ́ àyà. Bí ọ̀gá bá ń pè mí, màá há a mọ́ àyà. Mo rò ó lọ sẹ́yìn, ó dà bíi pé láti ọjọ́ tí mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù ni mo ti ń ṣe é, ọdún mẹ́tàlélógún! Omi bọ́ lójú mi lórí ẹní níbẹ̀, Túndùn sì fún mi ní etí híjáàbù rẹ̀ kí n fi nu ojú.

Ohun tí Jessica tún máa ń sọ ni pé ká má wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Orí ẹní tìrẹ ni iṣẹ́ rẹ wà, ẹní ẹlòmíràn kò kàn ọ́. Háà, ẹ̀kọ́ yẹn dùn mọ́ mi! Láàárín àwa Yorùbá tó wà níbí, ta ni kì í wo ìkòkò ẹlòmíràn? Ta ló ra ilé, ọmọ ta ló fẹ́ òyìnbó, kí ló dé tí ìyá lágbájá fi rù? Mo gbé ẹ̀kọ́ náà délé, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè mọ́. Jessica ṣì ń sọ ọ́ títí di òní. Mi ò gbọ́ tiẹ̀ mọ́.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹrin, mo forí kan ilẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, mo sì dìde láìdi nǹkan kan mú. Túndùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìgúnpá gún mi lẹ́yìn tí a kírun tán, ó ní, "Ó kù díẹ̀." Mo ní kí ló kù? Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ wá bàtà rẹ̀. Mo padà sọ́dọ̀ Lèmọ́mù, mo gba iṣẹ́ mi.

Mo rí i pé apá òsì Túndùn kì í ròkè mọ́ bí a bá ń na ọwọ́. Mo rí i pé ṣòkòtò tó ń wọ̀ wá sí yógà ti ń bọ́ nídìí, ó fi okùn so ó. Mo rí i, mo sì yíjú sí orí ẹní mi.

Bí a bá ti fẹ́ parí, a óò fẹ̀yìn lélẹ̀, ọwọ́ sílẹ̀, ojú ní dídì. Jessica ní ìdùbúlẹ̀ òkú lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí èmi mọ bí òkú ṣe ń dùbúlẹ̀. Ní Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, a wà nílẹ̀ báyẹn, Túndùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Falí, bí mo bá kú, ìwọ ni kó o wẹ̀ mí o. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn mí."

Mo fò dìde jókòó. "Ọlọ́run ò ní jẹ́! Pa ẹnu ẹ dé! A ò ní rí i!" Gbogbo àwọn ìyá yẹn ló la ojú.

"Àmín," ló wí. "Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹ."

"Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú, má sọ ọ́ fún mi. Ahọ́n ẹ yẹn, lọ fi omi fọ̀ ọ́."

Nígbà tí a jáde, ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ mú, ó dúró, ó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ lọ ra búrẹ́dì.

Láti oṣù Kẹfà ni kò ti wá mọ́. Ó ní wọ́n yí àkókò iṣẹ́ òun padà. Bí mo bá pè é, kò ní gbé e. Bó bá fèsì, ọ̀rọ̀ kò ní ju méjì lọ: mo wà, ara le. Inú bí mi. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, tó bá ti rí ọ̀rẹ́ míì, kí Ọlọ́run ṣe é lóore. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ilé rẹ̀ sí tèmi, mi ò sì yà níbẹ̀. Mo yan odì, èmi àgbààyà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn bàbá wa ti wí i tipẹ́, àmọ́ èmi ò lọ wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, mo wà ní yàrá kẹjọ níbi iṣẹ́, Lèmọ́mù pè mí. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa ti kú láàárọ̀ yẹn, kí n jọ̀ọ́ kí n máa bọ̀. Mo bi wọ́n pé ta ni. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jókòó.

Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni yàrá tí a ti ń wẹ òkú wà. Alhaja Humaira ti jókòó síbẹ̀, wọ́n ń sunkún. Kamilah dúró níwájú tábìlì, ó fi ara dí mi lọ́nà. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá.

"Àǹtí, kí ẹ tó ṣí aṣọ. Dókítà ti gé ọmú òsì wọn. Mọ́mì ní ẹ̀yin nìkan ni kí n sọ fún."

"Nígbà wo?"

"Lọ́dún tó kọjá. Oṣù méjì tí wọ́n ní àwọn lọ sí Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ni wọ́n wà. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ojú àánú wo àwọn. Jẹjẹrẹ náà tún padà wá, ó ti wọ inú eegun."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ọ́, ẹ ò jẹ́."

Ẹ má rò pé àṣírí òkú ni mò ń tú. Ẹni tó ń wẹ òkú kì í sọ ohun tó rí. Kamilah fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún gbogbo obìnrin níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó ní kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò. Ìyókù tí mo rí lọ́jọ́ náà yóò bá mi wọ ibojì.

Mo ní kó sún fún mi. Kò sún.

"Àǹtí, ó ku ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tí dókítà sọ fún Mọ́mì pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́ ni wọ́n wá sílé yín. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ nínú yìnyín yẹn. Wọ́n ní àwọn ń lọ tún ẹ̀yìn yín ṣe, torí ó gbọ́dọ̀ san kó tó di ọjọ́ àwọn."

Mo wẹ̀ ẹ́. Apá ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ wẹ̀, lẹ́yìn náà apá òsì. Mo mí bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo yí i, kò wúwo ju aṣọ tí wọ́n fi omi rin lọ. Mo ń bẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí mò ń da omi, mo ní Túndùn, sọ ọ́, mò ń gbọ́ báyìí, sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo da omi, mo nù ún gbẹ, mo di í sínú aṣọ funfun. Ó gbà mí ju wákàtí kan lọ.

Nígbà tí mo ṣe tán, Alhaja Humaira bi mí pé, "Falilat, ẹ̀yìn yẹn ńkọ́?"

Mo tẹ̀, mo nà, mo tún tẹ̀. Kò dùn mí rárá. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tó kún fún omi níbẹ̀, mo ń fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn náà káàkiri, mò ń wá ibi tí yóò ti dùn mí.