Ofaróò Mẹ́fà fún Àwọn Ọmọ Ìdí Ẹnjínnì

Aṣọ iléèwé rírán ni mo fi ń jẹun nígbà náà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá wa ní Ìlódè. Mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo ti lọ́kọ, ọmọbìnrin mi ò sì tíì ju ọmọ oṣù márùn-ún lọ. Ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí bí mo bá ń tẹ máṣìnnì. Bí mo bá dáwọ́ dúró pé kí n gé òwú, á lajú, á ké, bíi pé ńṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ jí i.

Ẹni tó bá ń rán aṣọ iléèwé ní Ifẹ̀ kò ní òfin méjì: rán an kó tóbi. Ìyá tó mú ọmọ wá kì í jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n tán. "Ẹ fi àyè sí i o, télọ̀ wa. Ẹ ò rí i bó ṣe ń ga bí ọ̀gẹ̀dẹ̀?" Bí ẹ bá rí ọmọ tí apá aṣọ rẹ̀ bo ìka rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ kan gbé ṣòkòtò lọ síléèwé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Kò sẹ́ni tó bá mi jà sí i rí.

Àbúrò mi ọkùnrin, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, wà níléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Kádẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ti dúró sí èbúté l'Ékòó fún ìgbà pípẹ́, kò lọ, kò bọ̀. Ni wọ́n bá ní ó fẹ́ jáde sójú òkun, pé àbúrò mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún ló máa ṣiṣẹ́ nídìí ẹnjínnì. Ó kọ ìwọ̀n àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ìwé kan, ó ra aṣọ búlúù tó nípọn, ó kó o wá bá mi. Ofaróò ni kí n rán, ẹ̀wù àti ṣòkòtò tó lẹ̀ pọ̀, tí sípù wà níwájú rẹ̀.

Mo wo ìwọ̀n náà. Ìyá wa yọjú wò ó lórí èjìká mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé. Ó ní, "Ọmọ ogún ọdún, ṣé ó ti dàgbà tán ni? Wọ́n ṣì máa sanra." Mo fi íǹṣì mẹ́rin kún gbogbo ibi: àyà, itan, apá, ẹsẹ̀. Mo rò pé mo ṣe wọ́n lóore.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó kó aṣọ náà lọ, láàárọ̀ Furaidé, àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé, báàgì tó fi kó aṣọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Aṣọ yín fẹ́ lé mi kúrò nínú ọkọ̀."

"Aṣọ mi ṣe kí ni? Ó ya ni?"

"Kò ya. Ó tóbi ni."

"Ó tóbi! Ta ni aṣọ tó tóbi ń pa?"

"Ohun tí ọ̀gá ẹnjínnì wa sọ gan-an nìyẹn. Ó ní ó ń pa ènìyàn."

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ọ̀gá náà tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin gbọọrọ kan tó ń yí bìrìbìrì, ó so àkísà mọ́ orí igi, ó nà án síbẹ̀. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, irin ti gba àkísà, ó gba igi mọ́ ọn. Ó wá ń lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ di aṣọ wọn mú. Lára àbúrò mi, ẹ̀kúnwọ́ méjì ló rí dì mú. "Ta ló rán èyí? Ṣé àgọ́ ni?" Ó ní òun á tún wò wọ́n ní Mọ́ńdè. Ẹni tí òun bá tún rí aṣọ dì mú lára rẹ̀, orí ilẹ̀ ló máa wà tí ọkọ̀ á fi lọ tí á fi bọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá dé ojú òkun yẹn kò ní gba ìwé ẹ̀rí, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ọkọ̀ á tún jáde.

Ọmọ mẹ́fà ni aṣọ mi fẹ́ dá dúró, kì í ṣe àbúrò mi nìkan.

Ìyá wa ò gbà rárá. "Aṣọ tó fún! Bí omi bá gbé e, báwo ló ṣe máa ju apá?"

"Màmá, ìdí ẹnjínnì la wà, a ò sí nínú omi."

"Ẹnjínnì ọ̀hún, ṣé orí ilẹ̀ ló wà?"

Àbúrò mi da aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ láti inú báàgì.

Mo fún àwọn méjèèjì ní abẹ pé kí wọ́n máa tú ojú rírán. Bí àbúrò mi ṣe ń tú u, ó ń ròyìn. Ó ní òòlù kékeré ni wọ́n fi ń ha ìdógùn-ún lára ọkọ̀ títí etí wọn á fi máa hó, kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà. Ó ní wọ́n á kàn lu aago lójijì, kí oníkálukú sáré lọ sídìí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń sá àsálà, pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹnìkan fi bàtà kan ṣoṣo dé ibẹ̀. Ìyá wa ò rẹ́rìn-ín.

"Níbo lẹ ti ń yàgbẹ́?"

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, Màmá. Ó tilẹ̀ dáa ju tiwa lọ."

"Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀!"

Tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tún rán. Ẹ̀rù ọ̀gá yẹn mú kí n rán an kó fún pinpin. Ó wọ̀ ọ́, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí èèpo ẹ̀wà. Mo ní kó lóṣòó. Ó lóṣòó, ìdí aṣọ sì dún fàràà! Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Furaidé ti lọ, aṣọ kan ò tíì yanjú.

Ní Sátidé, àbúrò mi yá àkàbà káfíńtà iwájú ilé wa. Ó ní, "Ẹ má wọ̀n mí lórí ìdúró mọ́. Àkàbà la máa ń gùn níbẹ̀." Mo tú ojú rírán tó fún náà, mo fi píìnì há aṣọ náà, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ fà á, mo tún há a. Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé ilé yín ń jò ni, àbí ẹ̀ ń ṣọ́ ìyàwó onílé?" Ìgbà tó gùn ún tó bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo rí ojú ẹ̀: mo yọ íǹṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní apá, mẹ́ta ní àyà, ìdí àti itan ni mo fi àyè díẹ̀ sí, mo wá fi rọ́bà sí ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀. Bí mo ṣe ṣe ti àwọn márùn-ún yòókù náà nìyẹn, láìrí ara wọn, orí ìwé nìkan. Ẹ̀yìn mi ń ro mí, ọmọ wà lórí rẹ̀.

Ó lọ ní Sọ́ńdè. Mọ́ńdè kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rán aṣọ ọmọ kan, mo gbé apá òsì sí ọ̀tún, mo tú u, mo tún gbé e sí ọ̀tún.

Lọ́sàn-án Túsìdeè, awakọ̀ kan tó ń ná Èkó mú lẹ́tà àbúrò mi wá láti gáréèjì. Ìyá wa dìde kí n tó ṣí i. Mo kà á fún un sókè: "Ọ̀gá fa aṣọ mi níwájú, ó fà á lẹ́yìn, awọ ara mi nìkan ló rí fún pọ̀. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la wọlé. Lọ́la la máa gbéra. Ẹ bá mi kí ọmọ mi tó wà lẹ́yìn yín."

Mo jókòó sórí òkìtì aṣọ gígé. Ìyá wa ní, "Kí n má parọ́ fún ọ. Láti Sọ́ńdè ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n lé e wálé."

"Màmá!"

"Ọlọ́run mà ṣeun o, tí kò dá mi lóhùn." Ó fi etí ìró nu ojú, ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi, ó wò ó bí ẹni tó lè kà á, ó ká a mọ́ inú ìró. Ó ní kí n lọ wá oúnjẹ fún òun, pé ebi ti ń pa òun láti ọjọ́ mẹ́ta.